Ààyè Inú Kọ̀ǹpútà Ọkọ Tíṣà

Ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, kó tètè rín in tán, torí òótọ́ pọ́ńbélé ni. Kọ̀ǹpútà tí mò ń wí yìí ṣì wà lórí tábìlì títí dòní.

Ọkọ tíṣà kan ló ni ín kó tó kú. Nígbà tí iléèwé ní kí tíṣà máa ti ilé kọ́ àwọn ọmọ, ètò àtijọ́ tó ń darí kọ̀ǹpútà ọ̀hún kò gba iṣẹ́ náà. Bí kò bá sì rí i ṣe, wọ́n á gba ẹlòmíì. Ló bá gbé e tọ atúnkọ̀ǹpútàṣe lọ.

"Ẹ jẹ́ ká pa ti àtijọ́ rẹ́, mà, ká gbé tuntun sí i."

"Ká pa á rẹ́ kẹ̀? Àbúrò, bí ọkọ mi ṣe to nǹkan ẹ̀ síbẹ̀ nìyẹn. Mi ò fẹ́ kó sọnù."

"Méjèèjì lè jọ máa gbé inú ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá tàn án, á bi yín èyí tẹ́ ẹ fẹ́." Ó wò ó, ó mi orí. "Àmọ́ kò sáàyè. Ọkọ yín ti fi fọ́tò kún un dẹ́nu. Ẹ lọ wo ohun tá a máa yọ."

Nírọ̀lẹ́, ilé pa lọ́lọ́. Tíṣà gbé kọ̀ǹpútà náà sórí bẹ́ẹ̀dì. Kò lọ́kàn láti yọ fọ́tò kan ṣoṣo. Ó fi ṣe yẹ̀yẹ́ bí ẹni pé ọkọ rẹ̀ ló wà níbẹ̀, omi sì lé ròrò sójú rẹ̀.

"Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún díẹ̀."

Fáànù inú kọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Tíṣà ò sì tíì tàn án.

Lọ́jọ́ kejì, atúnkọ̀ǹpútàṣe rí i pé ìdajì ti ṣófo.

"Kí lẹ yọ, mà?"

"Mi ò fọwọ́ kan nǹkan kan."

Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Gbogbo fọ́tò pé. Ara atúnkọ̀ǹpútàṣe bù máṣọ, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ló bọ́ lẹ́nu tíṣà. Nígbà ayé ọkọ rẹ̀, bí tíṣà bá máàkì ìwé pẹ́ kó tó wá sùn, ọkùnrin náà á rọra sún mọ́ ògiri lójú oorun, á fi ààyè sílẹ̀ fún un. Tíṣà fẹ́ràn rẹ̀ gan-an nítorí ìyẹn.

Atúnkọ̀ǹpútàṣe gbé tuntun sẹ́gbẹ̀ẹ́ àtijọ́. Iṣẹ́ ń lọ geere. Ṣùgbọ́n bí tíṣà bá ti kọ́ àwọn ọmọ tán, tó ṣí ọ̀dọ̀ ọkọ rẹ̀ láti kí i, ààyè tó wà níbẹ̀ ti tún dín kù, ó ti bọ́ sọ́dọ̀ tuntun. Fọ́tò kan wà tí ọkùnrin náà ti dá jókòó sáàárín bẹ́ǹṣì. Etí bẹ́ǹṣì ló wà báyìí. Nígbà tó yá, èjìká rẹ̀ kan ò sí nínú fọ́tò mọ́.

Tíṣà gbé fóònù.

"Àbúrò, bá mi dá a dúró!"

"Àfi ká yọ tuntun kúrò, mà."

"Kí n wá máa jẹ kí ni?"

"Mi ò mọ ohun tó ń ṣe é, mà. Ẹ má bínú."

Tíṣà jókòó ti kọ̀ǹpútà náà. Ẹ̀rù ń bà á, àánú ọkọ rẹ̀ sì ń ṣe é.

"Dádì, ó ti tó. Mo ti ráàyè. Ẹ má tún sún o, ẹ máa ṣubú."

Fáànù dákẹ́.

Nígbà tó tún ṣí fọ́tò náà láàárọ̀, ọkọ rẹ̀ ò tún sún. Ṣùgbọ́n ó ti na ọwọ́ sórí ibi tó ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, bí ẹni tó ń gba ààyè sílẹ̀ fún ẹlòmíì. Tíṣà ló sì ń wò.

Tíṣà rọra fọwọ́ kan ojú kọ̀ǹpútà. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́.

"Ẹ ní sùúrù, Dádì," ló wí. "Àwọn ọmọ ṣì ń dúró dè mí."