Yàrá Tó Ṣófo

Àgádágodo méjì ló wà lára ilẹ̀kùn náà, kọ́kọ́rọ́ ẹyọ kan ló sì wà lọ́wọ́ ọkùnrin tó dúró níwájú rẹ̀. Ó wo ọ̀kan, ó wo èkejì, ó bú sẹ́rìn-ín. Ọjọ́ ti pẹ́ tí ọmọbìnrin onílé ìkẹ́rùsí ti ń bá bàbá rẹ̀ fi àgádágodo kejì ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn oníbàárà tó jẹ gbèsè. Àwọn kan a máa ṣépè, àwọn mìíràn a máa sunkún. Kò rí ẹni tó rẹ́rìn-ín rí.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, èwo ni tèmi nínú méjèèjì?"

"Èyí tó dípẹtà ni."

"Ó jọ mí lóòótọ́."

Káfíńtà ni ọkùnrin náà. Wọ́n gba ṣọ́ọ̀bù lọ́wọ́ rẹ̀, ló bá kó ayùn, òòlù àti gbogbo irinṣẹ́ rẹ̀ pamọ́ síbẹ̀, àmọ́ owó yàrá oṣooṣù ń gun orí ara wọn. Bí gbèsè bá pẹ́ jù, wọ́n á ta ẹrù ní gbàǹjo. Bàbá kì í fi òfin yìí ṣeré, torí ọ̀rọ̀ àwọn onígbèsè ti sú u: yàrá rẹ̀ kún fọ́fọ́, àpò rẹ̀ gbẹ táútáú.

"Bàbá," ọmọ rẹ̀ wí nírọ̀lẹ́, "ẹ ti irinṣẹ́ mọ́lé, ẹ ní kí káfíńtà lọ ṣiṣẹ́ wá sanwó. Ṣé eyín ló máa fi gé pákó ni?"

Bàbá gbà sí i lẹ́nu. "Kó máa gbé e jáde láàárọ̀, kó dá a padà kí a tó ti géètì. Ọwọ́ rẹ ni mo ti máa béèrè o."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń pàdé lójoojúmọ́. Káfíńtà sọ ọmọbìnrin náà ní Ìyá Kọ́kọ́rọ́, òun náà sọ ọ́ ní Ọ̀gbẹ́ni Ìpẹtà. Kí gbèsè tó tán, ọmọbìnrin náà ti nífẹ̀ẹ́ rẹ̀ dé ọkàn. Nígbà tó tán, ó sọ fún bàbá rẹ̀.

"Ó san gbèsè, mo gbọ́," Bàbá dáhùn. "Ṣé ìwọ ló ń rẹ́rìn-ín sí, àbí ẹrù rẹ̀? Mi ò fọmọ fún un."

Ọ̀rọ̀ náà dùn ún wọra, torí òun náà ti rò ó rí. Nígbà tí káfíńtà tún wá san owó oṣù, ọmọbìnrin náà kò gbójú sókè.

"Ìyá Kọ́kọ́rọ́, kí ni mo ṣe?"

"Ẹ gba rìsíìtì yín, sà."

Síbẹ̀, kò sí oṣù tí káfíńtà kì í wá.

Lọ́jọ́ kan, òjò rọ̀, òrùlé sì jò. Bàbá ní kí gbogbo oníbàárà wá ṣí yàrá wọn, kí wọ́n yẹ ẹrù wò. Káfíńtà ń fà sẹ́yìn.

"Òjò ò lè ba nǹkan kan jẹ́ níbẹ̀, Bàbá."

"Ṣí i."

Ó ṣí i. Ilẹ̀ lásán ni wọ́n bá.

"Ẹrù dà?"

"Ó ti pẹ́ tó ti wà ní ṣọ́ọ̀bù mi tuntun."

"Kí lo wá ń sanwó fún?"

Káfíńtà wolẹ̀. "Bí mo bá dá kọ́kọ́rọ́ padà, Bàbá, kí ni mo máa sọ pé mo ń wá ṣe níbí?"

Ojú ti ọmọbìnrin náà pé òun fura sí i, inú rẹ̀ sì dùn débi pé omi lé ròrò sójú rẹ̀. Bàbá wúkọ́.

"Owó yẹn, mi ò dá a padà o. Fi yàrá náà sílẹ̀, ẹlòmíì ń wá a. Ilé ni kí o máa wá." Ó sì bá tirẹ̀ lọ.

"Ọ̀gbẹ́ni Ìpẹtà," ọmọbìnrin náà wí, "o ò mà gbọ́n."

"Mo mọ̀. Ṣé wàá fẹ́ mi bẹ́ẹ̀?"

Ọmọbìnrin náà yọ àgádágodo tó dípẹtà náà kúrò lára ilẹ̀kùn, ó fi aṣọ rẹ̀ nù ún.

"Èyí la máa fi ti ilẹ̀kùn ilé wa," ó ní.