Ìró Tó Ṣáájú Òkúta

Kò sí àbùmọ́ kankan nínú ohun tí ẹ fẹ́ kà yìí. Àwọn mẹ́ta tó fi etí ara wọn gbọ́ ọ ṣì wà láàyè, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tó jẹ́ ẹni tí ń rí ìríkúrìí. Ọ̀kan jẹ́ olùkọ́ físíìsì. Ọ̀kan jẹ́ agbẹ́kànga. Ẹ̀kẹta jẹ́ ọmọbìnrin ọdún mẹ́tàdínlógún tí kì í gba nǹkan gbọ́ títí yóò fi wọ̀n ọ́n.

Onítépù ni wọ́n ń pe ọmọ náà nílé-ìwé, nítorí téèpù ìwọ̀n kì í kúrò nínú àpò rẹ̀. Ó ti wọn pátákó ìkọ̀wé. Ó ti wọn ọ̀nà tó lọ sílé ìjẹun. Wọ́n ní ó tilẹ̀ wọn imú olùkọ́ èdè lọ́jọ́ kan tí ìyẹn sùn lọ nínú kíláàsì.

Nílé-ìwé náà, kò sí ọmọ kíláàsì àṣekágbá tó lè jáde láì ṣe Iṣẹ́ Àdáṣe. Ọmọ kọ̀ọ̀kan á mú ìbéèrè kan tó jẹ́ tirẹ̀, á fi odindi sáà wá ìdáhùn sí i fúnra rẹ̀, á wá dúró níwájú ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni mẹ́ta láti sọ ohun tó rí. Ẹni tó bá ṣe é dáadáa á gba lẹ́tà kan tí yunifásítì máa ń wò. Onítépù kò ní ọ̀nà mìíràn. Bàbá àgbà tó tọ́ ọ dàgbà, kànga gbígbẹ́ niṣẹ́ rẹ̀, iṣẹ́ náà kò sì fi bẹ́ẹ̀ lọ mọ́ láti ìgbà tí omi ẹ̀rọ ti dé. Bí kò bá sí lẹ́tà, kò sí yunifásítì. Bọ́rọ̀ ṣe rí nìyẹn.

Ìbéèrè tirẹ̀ rọrùn létí: báwo lèèyàn ṣe lè mọ bí kànga ṣe jìn tó láì sọ okùn sí i? Kànga kan wà lẹ́yìn yàrá físíìsì tí ẹnikẹ́ni kò pọn mọ́, tí wọ́n fi pákó dé, tí wọ́n sì ti àgádágodo mọ́ ọn. Ní gbogbo ọ̀sán Ọjọ́rú, Onítépù á ṣí i, á ju òkúta wẹ́wẹ́ mẹ́wàá sí i lọ́kọ̀ọ̀kan. Aago tí wọ́n fi ń ka àkókò àwọn asáré ló ń lò. Á tẹ̀ ẹ́ bó bá ti ju òkúta, á tún tẹ̀ ẹ́ bí omi bá dún.

Lọ́sẹ̀ kìn-ín-ní, ìṣẹ́jú àáyá méjì ni. Ó ṣírò rẹ̀, ó bá okùn bàbá àgbà rẹ̀ mu rẹ́gí. Inú olùkọ́ físíìsì, tó ń bójú tó iṣẹ́ rẹ̀, dùn gan-an.

Lọ́sẹ̀ kejì, ó di ọ̀kan àbọ̀. Lọ́sẹ̀ kẹta, ọ̀kan péré.

“Omi ló ń kún,” ni olùkọ́ wí.

“Kò kún, sà. Mo sọ okùn sí i lẹ́ẹ̀mẹta. Ibi kan náà ni okùn ń tutù dé.”

“Á jẹ́ pé ọwọ́ rẹ kò yá nìyẹn.”

Kò jiyàn. Ó gun àjà òkè ilé-ìwé, ó ju òkúta sínú garawa omi nísàlẹ̀ nígbà ọgọ́rùn-ún, ó kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, ó sì gbé ìwé náà síwájú olùkọ́. Ọwọ́ rẹ̀ yá.

Lọ́sẹ̀ karùn-ún, ìró àti òkúta jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Lọ́sẹ̀ kẹfà, ó wá dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá físíìsì, kò wọlé.

“Sà, ó dún kí n tó jù ú.”

Olùkọ́ rẹ́rìn-ín. Nígbà tó rí i pé ọmọ kò bá òun rín in, ó ṣíwọ́ ẹ̀rín. “Yọ ọ̀sẹ̀ yẹn kúrò,” ló wí. “Èyí tó o ti kọ tẹ́lẹ̀ ti tó. Sọ pé omi ń kún, gba lẹ́tà rẹ, kó o máa lọ.”

“Ṣé kí n purọ́ ni, sà?”

Kò gbé ohùn sókè. Kò rí i fín. Ó kàn fẹ́ mọ̀ ni. Ojú ti olùkọ́ débi pé ó bẹ̀rẹ̀ sí í to ìwé tó ti wà létòlétò. Ogún ọdún ló ti ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ pé ohun téèyàn bá rí ni kó kọ, èyí lẹni àkọ́kọ́ tó gba ọ̀rọ̀ náà gbọ́ ní tòótọ́.

Ní Ọjọ́rú tó tẹ̀ lé e, ó bá a lọ sẹ́yìn ilé.

Oòrùn mú. Ariwo àwọn ọmọ ń bọ̀ láti kíláàsì. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ti ń sún mọ́ kànga náà ni ariwo ọ̀hún ń rọlẹ̀, títí tí olùkọ́ fi ń gbọ́ èémí ara rẹ̀. Onítépù ṣí pákó. Ó fi dígí kékeré kan darí oòrùn sí ìsàlẹ̀, bí àwọn agbẹ́kànga ti ń ṣe. Omi wà nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún, ó dúró bí àwo. Ó mú òkúta kan, ó na ọwọ́ sórí ihò náà.

Pọ́.

Olùkọ́ wo ọwọ́ ọmọ náà. Òkúta ṣì wà níbẹ̀.

Onítépù tẹ aago. Ó dúró díẹ̀, ó lawọ́. Òkúta já. Nínú ìmọ́lẹ̀ dígí, wọ́n rí i bí omi ti là, tó sì padé. Kò dún rárá.

“Má jù ú lọ́tẹ̀ yìí,” ni olùkọ́ wí. “Bó bá dún, dì í mú.”

Ó mú òmíràn. Pọ́. Ó tẹ aago, ó di òkúta náà mú gírígírí. Wọ́n dúró. Ó ṣe díẹ̀, bíríkì kan létí kànga, tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn, sán. Èérún kan bọ́ lára rẹ̀, ó já sínú omi. Kò dún.

Onítépù tún tẹ aago. “Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin,” ló wí, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Olùkọ́ ń wò ó tìyanutìyanu. Irú ọmọ wo rèé? Ó wù ú kó pariwo kan sáárá sí i níbẹ̀, àmọ́ ibẹ̀ kì í ṣe ibi tó wu èèyàn láti pariwo.

Ó wá ku ọjọ́ méjì kí ìgbìmọ̀ jókòó. Ní aago méjì ọ̀sán Ọjọ́rú, bàbá àgbà gbé okùn rẹ̀ wá, kí ọmọ rẹ̀ lè rí i fi han ìgbìmọ̀. Onítépù ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí pákó ni. Kò tíì mú òkúta kankan.

Gbọ̀ọ̀mù.

Ilẹ̀ mì lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn. Ọwọ́ Onítépù ti tẹ aago kó tó mọ̀, nítorí ó ti mọ́ ọn lára. Olùkọ́ fi dígí darí oòrùn sísàlẹ̀. Omi dúró bí àwo. Nǹkan kan kò já sí i.

Bàbá àgbà ṣí fìlà. Ó fa ọmọ rẹ̀ sẹ́yìn, ó fa olùkọ́ náà.

“Bàbá, kí ló dún yẹn?”

“Kì í ṣe òkúta.”

Olùkọ́ sáré lọ ka àwọn ọmọ láti kíláàsì dé kíláàsì. Irinwó ó lé méjìlá. Wọ́n pé.

Nígbà tó padà dé, ó bá Onítépù lójú kan náà, ó dúró láàárín kànga àti ilé-ìwé.

“Sà, ẹ jẹ́ ká dí i. Lónìí.”

“Ó ku ọjọ́ méjì péré,” ni olùkọ́ wí. “Ká ti àgádágodo mọ́ ọn. Jẹ́ kí ìgbìmọ̀ kọ́kọ́ gbọ́ ọ.”

“Sà, ta ló fọwọ́ kan bíríkì yẹn? Bó bá wá jẹ́ ọmọ kan ló máa já sí i lọ́tẹ̀ yìí ńkọ́?”

“Lẹ́tà rẹ ńkọ́?”

Omijé bọ́ lójú rẹ̀. Ó fẹ̀yìn ọwọ́ nù ún. “Mo fẹ́ lẹ́tà yẹn, sà,” ló wí. “Mo fẹ́ ẹ gan-an.” Ó wá yíjú sí bàbá àgbà rẹ̀, ó ní kó po sìmẹ́ńtì.

Ọ̀gá ilé-ìwé fọwọ́ sí i. Kí oòrùn tó wọ̀, irin àti kọnkéré ti bo kànga náà.

Ní aago mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, Onítépù dúró níwájú ìgbìmọ̀: ọ̀gá ilé-ìwé, ọ̀jọ̀gbọ́n kan láti yunifásítì, àti obìnrin kan tó jẹ́ ẹnjiníà. Ó sọ gbogbo rẹ̀. Kò fi kún un, kò yọ kúrò.

“Níbo la ti lè gbọ́ ìró yìí?” ni ọ̀jọ̀gbọ́n béèrè.

“Ẹ ò lè gbọ́ ọ mọ́, sà. Mo ti ní kí wọ́n dí i.”

“O mọ̀ pé òun nìkan lẹ̀rí rẹ?”

“Mo mọ̀, sà.”

Ẹnjiníà náà ń wo ìwé. “Ìlà tó gbẹ̀yìn ṣófo,” ló wí. “Èéṣe?”

“Kò tíì parí, mà. Ohun tó dún ní Ọjọ́rú kò tíì já.”

Onítépù gbé aago sórí tábìlì. Ó ń kà lọ. Wákàtí mẹ́rìnlélógójì àti ìṣẹ́jú díẹ̀.

Ọ̀jọ̀gbọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó na àtàǹpàkò láti dá a dúró. Kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀, ẹnjiníà ti di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú.

“Ẹ fi í sílẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n.”

“Kí ló dé?”

“Mi ò mọ̀. Ẹ ṣáà fi í sílẹ̀.”

Ọ̀jọ̀gbọ́n wo ojú ẹnjiníà, ó wo ojú ọmọ náà, ó sì rọra fa ọwọ́ rẹ̀ padà. Lọ́jọ́ yẹn ni wọ́n kọ lẹ́tà. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló fọwọ́ sí i.

Onítépù ti wà ní yunifásítì báyìí, ó ń kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà, wọ́n sì ní apá kò ká a. Aago wà lọ́dọ̀ olùkọ́ físíìsì. Ní àràárọ̀ ló ń ka àwọn ọmọ, wọ́n sì ń pé. Bó bá ti di Ọjọ́rú, ọmọ náà á pè é lórí fóònù. Ó mọ ẹ̀kọ́ ilé dáadáa, àmọ́ kì í kọ́kọ́ kí i.

“Sà, ṣé ó ṣì ń kà?”

“Ó ṣì ń kà.”

Lẹ́yìn náà ni á tó kí olùkọ́ rẹ̀ kú ọ̀sán.