Òkìtì Eérú Ẹ̀yìnkùlé

Ọkùnrin kan lóṣòó sí ẹ̀yìn ilé àwọn ọlọ́ṣẹ ní Bẹyẹrúnká, ní Ìbàdàn, ó bu eérú sí àtẹ́lẹwọ́, ó sì ń fi ahọ́n tọ́ ọ wò. Zulaihat, ọmọ ilé náà, tó gbé garawa jáde láti da omi nù, dúró sójú kan. Wèrè kọ́ rèé, torí bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀ ń dán. Olè náà kọ́. Kí ni olè fẹ́ fi eérú ṣe?

"Ẹ kú ọ̀sán o. Ṣé ebi ló ń pa yín ni?"

Ọkùnrin náà gbójú sókè. Eérú ti kun ètè rẹ̀ bí ọmọ tó jí mílíìkì ìyá rẹ̀ lá. "Ẹ má bínú sí mi. Oko mi ni ebi ń pa."

Zulaihat rẹ́rìn-ín títí omi fi dà sí i lẹ́sẹ̀. Kò mọ̀ pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Àwa tá à ń wòran la mọ̀.

Gàfárù lorúkọ ọkùnrin yìí, ọmọ Ìsàlẹ̀ Òsì ni. Bàbá rẹ̀ fi oko sílẹ̀ fún un ní abúlé wọn, ṣùgbọ́n ajílẹ̀ oníkẹ́míkà tí wọ́n ti ń dà sí i lọ́dọọdún ti ba ilẹ̀ náà jẹ́. Àgbàdo ibẹ̀ kì í ga ju orúnkún lọ, ewé rẹ̀ a sì máa pọ́n bí ojú ẹni tí ibà pọ́njú ń ṣe. Gàfárù yọ bébà tẹ́ẹ́rẹ́ kan lápò, irú èyí tí àwọn òṣìṣẹ́ àgírííkì fi ń dán ilẹ̀ wò, ó tì í bọ omi ẹrẹ̀ tó gbé wá láti oko. Bébà náà pọ́n.

"Ẹ rí i? Ilẹ̀ náà ti kan, bí ògì tí wọn ò yí omi rẹ̀. Ohun yòówù kí n fún un, kò lè jẹ ẹ́. Wọ́n ní eérú ló ń pa kíkan."

Zulaihat ti lóṣòó tì í. "Tá a bá tì í bọ omi ọsàn ńkọ́? Ọṣẹ ńkọ́? Omi ojú ńkọ́?"

"Ta ló fẹ́ sunkún nínú wa? Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ dán ọṣẹ wò."

Láti ọjọ́ náà, ohun tí Gàfárù ń wá lọ sí Bẹyẹrúnká kò tán mọ́. Wọ́n ti bébà bọ omi ọsàn, wọ́n tì í bọ omi kànga, wọ́n tì í bọ ọbẹ̀ pàápàá. Ìfẹ́ bá wọlé láìkan ilẹ̀kùn.

Ṣùgbọ́n wàhálà wà nílẹ̀. Bàbá Sìdí, àbúrò bàbá Gàfárù tó jẹ́ olórí ẹbí, ti fi àáké kọ́rí: bí àgbàdo ò bá ṣe lọ́dún yìí, wọn yóò ta oko náà fún àwọn tó ń kọ́lé. Ìyá Zulaihat náà sì ti sọ tirẹ̀. "Ọmọ Ìbàdàn tí kò ní oko mọ́, àlejò ni. Mi ò ní fi ọmọ mi fún àlejò."

Ní ilé ọlọ́ṣẹ, eérú èèpo kòkó tó bá ń ta ahọ́n jù ni wọ́n ń kà sí ojúlówó. Òun ni wọ́n ń sẹ́ omi rẹ̀, tí wọ́n ń pò ó mọ́ àdín, tí wọ́n ń sè é dọṣẹ. Èyí tí wọ́n bá sẹ́ tán, ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n ń dà á sí, lórí òkìtì tí ìyá bàbá Zulaihat bẹ̀rẹ̀. Zulaihat wá rò ó pé ta ni yóò fún olólùfẹ́ ní pàǹtírí? Ó bu eérú tuntun nínú àpò ìyá rẹ̀, ó gbé e fún Gàfárù. Gàfárù náà ò wọ̀n ọ́n, ó dà á sí ìdí àgbàdo tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù.

Ó jó wọn. Gbogbo ewé wọn gbẹ bí ìgbà tí iná bá kọjá lórí wọn.

"Ṣé o fẹ́ dá oko ni, àbí o fẹ́ fọ ilẹ̀?" ni Bàbá Sìdí bi í. Ó ní òun yóò mú sùúrù di ìgbà àgbàdo àrọ̀kúrò, lẹ́yìn náà ó parí. Ní Bẹyẹrúnká, ìyá Zulaihat rí i pé àpò òun ti fúyẹ́. Zulaihat jẹ́wọ́, ìyá sì ní kí Gàfárù má ṣe fẹsẹ̀ kan agbolé òun mọ́.

"Èmi ni mo ba oko yín jẹ́," ni Zulaihat wí lórí fóònù.

"Èmi ni mo dà á. Má sunkún, olólùfẹ́ mi. Bébà tó kù ò tó èyí tá a máa tì bọ omi ojú."

Zulaihat rẹ́rìn-ín, ó sì sunkún náà. Ó lọ jókòó ti òkìtì eérú. Ibẹ̀ ló ti rí i pé tẹ̀tẹ̀ hù yí ìdí òkìtì náà ká, ewé rẹ̀ fẹ̀, ó tutù yọ̀yọ̀. Ojoojúmọ́ ló ń kọjá lára wọn, kò bi ara rẹ̀ rí pé ta ló gbìn wọ́n. Ó bu eérú abẹ́ wọn, ó tọ́ ọ wò. Kò ta ahọ́n. Oró rẹ̀ ti bá ọṣẹ lọ, òjò sì ti fọ èyí tó kù. Omijé gbẹ lójú rẹ̀, ó tún tẹ fóònù.

Gàfárù gbé ilẹ̀ kíkan wá nínú ọ̀rá, ṣùgbọ́n ìta ló dúró sí, kò ré ẹnu ọ̀nà kọjá. Zulaihat gba ọ̀rá náà, ó po ilẹ̀ inú rẹ̀ mọ́ eérú àtijọ́ nínú abọ́, ó bu omi sí i, ó ti bébà bọ̀ ọ́. Bébà ò pọ́n mọ́. Àwọ̀ ewé ló mú wá.

"Kí lẹ ń fi eérú ìyá ọkọ mi ṣe?" Ìyá rẹ̀ ti wà lẹ́yìn rẹ̀. Zulaihat na bébà sí i. Ìyá yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn. "Ẹ tún un ṣe." Wọ́n tún un ṣe. Ìyá ká ìró rẹ̀, ó lóṣòó. "Ẹ tún un ṣe."

Lẹ́yìn náà ló gbójú sókè sí Gàfárù tó ń nà gàgà níta. "Ìwọ, kí lò ń dúró síbẹ̀ yẹn ṣe? Ṣé o ń rí i dáadáa ni?"

Lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n da eérú àtijọ́ náà sórí ilẹ̀ oko ṣáájú, wọ́n fi ọkọ́ rò ó pọ̀, wọ́n sì jẹ́ kí òjò rọ̀ sí i kí wọ́n tó gbin hóró kan. Nígbà tí àrọ̀kúrò gbó, Bàbá Sìdí wọ inú oko náà, a ò rí fìlà rẹ̀ mọ́. Ó ya àgbàdo kan, ó jẹ ẹ́ ní tútù, ó ránṣẹ́ sí àwọn tó fẹ́ ra ilẹ̀ pé kí wọ́n má wá mọ́. Òun náà ló ṣáájú ẹbí lọ tọrọ Zulaihat.

Ọjọ́ tí wọ́n so yìgì, ìyá gbé agbọ̀n tuntun kan tó kún fún eérú àtijọ́ ka orí ẹrù ìyàwó. "Ìyá ọkọ mi ló bẹ̀rẹ̀ òkìtì yìí," ló wí. "Mo rò pé ìdọ̀tí ni mo jogún. Gbé e lọ, ọmọ mi, kó o bẹ̀rẹ̀ tìẹ."

Ní Ìsàlẹ̀ Òsì, nígbà tí wọ́n fi omi fọ ẹsẹ̀ ìyàwó tán, Gàfárù ṣí agbọ̀n náà. Ó fi ìka kan eérú inú rẹ̀, ó tọ́ ọ wò lójú gbogbo àlejò.

"Ṣé ebi ló ń pa yín ni?" ni Zulaihat bi í lábẹ́ ìbòrí rẹ̀.

"Oko mi ti yó," ni Gàfárù dá a lóhùn. "Èmi ló kù."