Bọ́ọ̀lù Tó Já Sáàárín Wa

"Láídé, ta ló ni bọ́ọ̀lù yẹn?"

Bọ́ọ̀lù oníìyẹ́ tí a fi ń gbá badimíńtìn ti dùbúlẹ̀ sáàárín èmi àti Ẹ̀gbọ́n Ojúọlá. Mo wolẹ̀. "Ẹ̀yin lẹ ni ín, mà."

"Èmi kọ́. Ọ̀dọ̀ rẹ ló wà. Bó bá jẹ́ tìrẹ, pariwo 'Tèmi,' kí n lè yà fún ọ. Eré ẹni méjì là ń gbá. Ẹni tó bá dákẹ́ níbẹ̀ ti já ẹnì kejì rẹ̀ kulẹ̀."

A tún bẹ̀rẹ̀. Bọ́ọ̀lù mìíràn tún ń bọ̀ láàárín. Mo lanu, mo ní, "Tèmi ni, ẹ jọ̀ọ́ mà." Kí n tó dé orí "mà," bọ́ọ̀lù ti balẹ̀. Ẹ̀gbọ́n Ojúọlá rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀.

Ọdún 1984 ni mò ń sọ yìí, ní Ṣàgámù. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ilé ìwé girama ní Ìkẹ́nnẹ́, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni mí. Bàbá mi, Tíṣà Olúdọ̀tun, a máa ka Bíbélì ní ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà lọ́jọ́ Ìsinmi. Òfin tí kò ṣeé rú nílé wa ni pé ọmọdé kì í já lu ọ̀rọ̀ àgbà. Ẹ̀gbọ́n Ojúọlá, ọmọ àdúgbò Mákún ní Ṣàgámù, sì fi ọdún mẹ́rìnlá jù mí lọ. Ọdún mọ́kànlá ló ti fi eré badimíńtìn jẹun nínú ẹgbẹ́ kan tí ilé iṣẹ́ aláṣọ kan ń náwó fún. Méjì-méjì ni wọ́n ń gbá a, ẹnì kejì rẹ̀ àtijọ́ sì ti bá ọkọ lọ sí Kàdúná. Ó wá sí ilé ìwé wa, ó wo bí ogún ọmọbìnrin, ó ní èmi ni òun fẹ́. Mi ò mọ ohun tó rí lára mi títí dòní.

Ìdíje kan ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé, àwa pẹ̀lú obìnrin méjì láti Ìjẹ̀bú-Òde. Ẹgbẹ́ ti sọ fún Ẹ̀gbọ́n Ojúọlá pé bí a bá borí, iṣẹ́ rẹ̀ dúró fún ọdún méjì sí i. Bí a kò bá borí, kó lọ sinmi. Ìyá arúgbó kan àti iṣẹ́ yìí nìkan ló ní.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ́, Kóòṣì Lásúnkànmí, tó ń kọ́ wa ní eré, pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, níbi tí a ń kó nẹ́ẹ̀tì sí.

"Láídé, o mọ eré yìí gbá," ló wí. "Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ Ojúọlá ti ń wúwo. Bọ́ọ̀lù tó bá bọ̀ láàárín lọ́la, fi sílẹ̀ fún un. Jẹ́ kí àwọn ọ̀gá fojú ara wọn rí i. Bí ẹ bá tilẹ̀ pàdánù, màá so ìwọ àti Bánkẹ́ pọ̀, wọn yóò sì máa san owó oṣù fún ọ."

Bánkẹ́ ni ọmọbìnrin ẹgbẹ́ mi kan tó ti ń jókòó de ààyè láti ọdún tó kọjá.

"Ẹ ṣé, sà," ni mo wí.

Kí ni mò ń dúpẹ́ fún? Mi ò sọ pé mo gbà, mi ò sọ pé mo kọ̀. Ohun tí ẹnu mi mọ̀ ọ́n sọ fún àgbà ló sọ. Mo padà lọ bá Ẹ̀gbọ́n Ojúọlá níbi tó ti ń fi báńdéèjì wé orúnkún rẹ̀. Ó bi mí pé kí ni kóòṣì ń wí.

"Kò sí nǹkan, mà."

Nínú ọkọ̀ tí mo wọ̀ padà sí Ìkẹ́nnẹ́, mo rò ó síwá, mo rò ó sẹ́yìn. Bí mo bá sọ fún un, mo ti fẹjọ́ àgbà kan sun àgbà kejì. Bí n kò bá sọ, ṣé mo ti gbà nìyẹn? Bí mo bá gbá bọ́ọ̀lù àárín, mo ṣàìgbọràn sí kóòṣì. Bí n kò bá gbá a, ta ni mo ṣẹ̀? Gbogbo rẹ̀ dàrú mọ́ mi lójú. Èyí tó wá dùn mí jù ni pé owó oṣù náà wù mí.

Lọ́jọ́ Sátidé, gbọ̀ngàn kún. A na àwọn ará Ìjẹ̀bú-Òde ní abala kìíní, wọ́n nà wá ní ìkejì. Ní ìkẹta, wọ́n ní ààmì mẹ́rìnlá, àwa ní méjìlá. Ẹni tó bá kọ́kọ́ ní mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló borí. Ẹ̀gbọ́n Ojúọlá ń sáré bí ẹni tí ajá ń lé. Gbogbo bọ́ọ̀lù àárín láti àárọ̀, òun ló ń pariwo "Tèmi," tó sì ń gbá a.

Bọ́ọ̀lù kan wá gòkè, ó ń rọra bọ̀ wálẹ̀ láàárín wa. Kò yá rárá. Mo ráyè rí i, mo sì ráyè ronú, àyè ìronú yẹn ló ba nǹkan jẹ́. "Tèmi" dé ọ̀fun mi, ó dúró síbẹ̀. Mo ń gbọ́ ohùn bàbá mi, mo ń gbọ́ ohùn kóòṣì. Mi ò gbọ́ ohùn Ẹ̀gbọ́n Ojúọlá, nítorí lọ́tẹ̀ yìí òun náà dákẹ́. Bọ́ọ̀lù balẹ̀ láàárín àwa méjèèjì.

Àwọn ará Ìjẹ̀bú-Òde ń fò sókè. Ẹ̀gbọ́n Ojúọlá wò mí. Kò bi mí pé ta ló ni ín.

Ní ọjọ́ Ajé, wọ́n lẹ orúkọ àwọn tí ẹgbẹ́ mú mọ́ ògiri. Èmi àti Bánkẹ́ wà níbẹ̀, orúkọ Ojúọlá kò sí. Bàbá mi gbàdúrà ọpẹ́ nílé, ìyá mi se ìrẹsì. Mo da ìrẹsì tèmi padà sínú ìkòkò.

Lọ́jọ́bọ̀, mo gbé rákẹ́ẹ̀tì tí Ẹ̀gbọ́n Ojúọlá yá mi, mo gba Mákún lọ. Mo bá òun àti ìyá rẹ̀ lágbàlá, wọ́n ń bó obì.

"Ẹ̀gbọ́n, mo wá dá rákẹ́ẹ̀tì yín padà."

"Jókòó, bá wa bó obì."

Mo jókòó. Mo ro gbogbo rẹ̀ fún un: ọ̀rọ̀ kóòṣì, bí mo ṣe dúpẹ́, irọ́ tí mo pa. Ìyá rẹ̀ dáwọ́ iṣẹ́ dúró. Ẹ̀gbọ́n Ojúọlá kò dáwọ́ tirẹ̀ dúró.

"Ṣé nítorí ọ̀rọ̀ kóòṣì lo fi dákẹ́ lórí bọ́ọ̀lù yẹn?"

"Mi ò mọ̀, mà. Ó lè jẹ́ ọ̀wọ̀. Ó lè jẹ́ owó. Mo ti wádìí inú ara mi títí, mi ò rí ìdí rẹ̀."

Ó mí kanlẹ̀. "Mo rí bọ́ọ̀lù yẹn, Láídé. Ọwọ́ mi tó o."

"Kí ló dé tí ẹ ò gbá a?"

"Mo fi sílẹ̀ fún ọ ni. Mo fẹ́ kí ìwọ gbá èyí tó le jù, kí àwọn ọ̀gá rí ọ." Ó ju obì kan sínú atẹ. "Tàbí ẹsẹ̀ mi ló kọ̀, tí mo wá ń sọ ọ́ di oore. Èmi náà ò mọ̀."

Èmi fi sílẹ̀ fún un, òun fi sílẹ̀ fún mi; kóòṣì nìkan ló rí ohun tó ń wá. Mo bú sẹ́kún.

"Má fi ti bọ́ọ̀lù yẹn pa ara rẹ," ló wí. "Ọ̀rọ̀ ọjọ́ Jímọ́ ni kó o bi ara rẹ léèrè. Mo bi ọ́, o ní kò sí nǹkan. Ká ní o sọ fún mi ni, ǹ bá ti mọ̀ pé ọkàn rẹ pín sí méjì. Ǹ bá má fi bọ́ọ̀lù kankan sílẹ̀ fún ọ."

Ìyá rẹ̀ mi orí. "Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó lè ran ara wọn lọ́wọ́, wọ́n gbọ́dọ̀ jọ sọ̀rọ̀."

Obì kan yí bọ́ láti inú atẹ, ó ń yí bọ̀ láàárín èmi àti Ẹ̀gbọ́n Ojúọlá. Àwa méjèèjì tẹjú mọ́ ọn.

"Tèmi," ni mo wí, mo sì mú un. Mi ò fi "mà" kún un.

Ó rẹ́rìn-ín, omi sì wà lójú rẹ̀. "O ti mọ̀ ọ́n," ló wí. "Ó kàn pẹ́ ni."

Kò gba rákẹ́ẹ̀tì náà padà. Òun ni mo fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ọdún mẹ́sàn-án ni mo sì fi gbá eré ẹni méjì jẹun. Ọmọ tuntun tí wọ́n bá so mọ́ mi, ohun tí mo kọ́kọ́ ń sọ fún un ni pé kó má ṣe pè mí ní mà lórí pápá, kó pariwo.

Àwọn àgbà ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Èmi dákẹ́, tèmi kò bá mi dákẹ́. Ti ẹni tó fọkàn tán mi ló bá mi dákẹ́. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń ka ìtàn yìí, ọ̀wọ̀ dára, ẹ kúnlẹ̀ kí àgbà. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá ń gbìmọ̀ ibi sí ẹnì kejì yín, tí wọ́n bi yín, tí ẹ ní "Kò sí nǹkan," ọ̀wọ̀ kọ́ nìyẹn. Ẹ sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ Jímọ́, kó tó di Sátidé.