Ọpẹ́ Tí Kò Dé Òkè-Oyí

"Wọ́n ní ìyá náà dìde ní ṣọ́ọ̀ṣì lánàá..."

"Ìyá wo?"

"Ìyá Nathan, ará Ògbómọ̀ṣọ́ yẹn. Wọ́n ló ní kò sí ẹnì kankan tó..."

"Há! Lẹ́yìn gbogbo ohun tí ọkùnrin yẹn..."

"Ẹ rọra, ọmọ rẹ̀ ló ń bọ̀ yẹn."

Bí ọ̀rọ̀ ṣe kú lẹ́nu àwọn obìnrin tó tò sí ìdí ẹ̀rọ omi ní àdúgbò Ṣàngó, ní Ìlọrin, nìyẹn, nígbà tí Moṣọpẹ́ yọ sí wọn pẹ̀lú korobá lórí. Wọ́n dá a lóhùn nígbà tó kí wọn, ṣùgbọ́n ojú tí wọ́n fi wò ó kì í ṣe ojú tí wọ́n fi ń wò ó tẹ́lẹ̀. Kò dúró kí korobá kún tó fi gbé e, omi sì dà sí i lára títí ó fi délé.

Moṣọpẹ́ mọ ọkùnrin tí wọ́n ń sọ. Ọdún 1994 lọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, nígbà tí epo bẹntiróòlù di ohun àwátì, tí títì Ìlọrin dá páropáro. Ní ọjọ́ Ẹtì, gìrì mú Nathan, àbúrò rẹ̀. Ojú ọmọ náà yí, ó di eyín pọ̀, ara rẹ̀ le gan-an. Bàbá wọn, tó ń wa ọkọ̀ akẹ́rù, ti há sí Kàdúná nítorí ọ̀wọ́n epo yìí. Ẹ̀bùnọlá, ìyá wọn, gbá ọmọ mọ́ àyà, ó sáré bọ́ sí títì láìwọ bàtà, ó ń pariwo pé, "Jésù, gbà mí! Jésù, má jẹ̀ẹ́ kí ojú tì mí!" Kò sí ọkọ̀ kankan lójú ọ̀nà.

Àfi bí Àbdùlkàdírì ṣe yọ. Àgbẹ̀ ni, ará Òkè-Oyí lẹ́yìn odi Ìlọrin. Ó wá gbé oúnjẹ fún Mùínàt, ọmọ rẹ̀ tó ń gbé lọ́dọ̀ àǹtí rẹ̀ ní àdúgbò náà, tí òun àti Moṣọpẹ́ jọ ń jókòó lórí àga kan ní ilé ìwé. Apẹ̀rẹ̀ tòmátò tó fẹ́ gbé lọ sí ọjà wà lẹ́yìn alùpùpù rẹ̀. Kò bi ẹnikẹ́ni ní ìbéèrè. Ó tú okùn, ó gbé tòmátò sílẹ̀ lẹ́bàá títì nínú oòrùn, ó ní, "Ìyá Nathan, ẹ gùn ún, ẹ di ọmọ mú." Ó gbé wọn dé ilé ìwòsàn, ó sì dúró níbẹ̀ títí dókítà fi jáde wá sọ pé ọmọ ti la ojú. Ìgbà tó fi padà dé, ewúrẹ́ ti jẹ nínú tòmátò rẹ̀, oòrùn sì ti se ìyókù. Epo alùpùpù náà tán sí i nídìí. Ẹsẹ̀ ni ọkùnrin náà fi rìn, tó ń ti alùpùpù rẹ̀ lọ sí Òkè-Oyí.

Ẹ kúkú mọ̀ ọ́n: bí ẹnì kan bá ṣe irú èyí fún ọ, tí ilẹ̀ bá ti mọ́, o ní láti padà lọ sọ́dọ̀ rẹ̀ kí o kí i pé, "Ẹ ṣé àná o." Bí ìyá kò bá ráyè, yóò rán ọmọ. Ẹ̀bùnọlá kò lè kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ Nathan ní ilé ìwòsàn, nítorí náà Moṣọpẹ́ ló rán.

"Lọ ẹ̀wà, kí o se mọ́ínmọ́ín ewé. Gbé e lọ sí Òkè-Oyí láàárọ̀ ọ̀la. Kúnlẹ̀ o! Sọ pé èmi ni mo ní kí o wá dúpẹ́ àná, pé bí Nathan bá ti dìde, èmi fúnra mi ń bọ̀. Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, mà."

Moṣọpẹ́ se mọ́ínmọ́ín náà lóòótọ́. Ó ti dì í, ó ti gbé e lérí, kí Bùkọ́lá tó kàn án lẹ́nu ọ̀nà. Ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nínú ẹgbẹ́ akọrin ni Bùkọ́lá.

"Ṣọpẹ́! Níbo lò ń gbé agbọ̀n lọ? Ṣé o ò mọ̀ pé òní la fẹ́ wọ aṣọ akọrin tuntun ya fọ́tò ní Táíwò Road ni?"

"Màámi rán mi sí Òkè-Oyí."

"Òkè-Oyí ò ní sá lọ. Fọ́tò tí wọ́n máa gbé kọ́ sára ògiri ṣọ́ọ̀ṣì! Tí wọ́n bá ń bi wá pé ta ni kò sí níbẹ̀, ṣé ká sọ pé ìwọ, tí ohùn ẹ dùn jù, ni, pé ò ń wá ọkọ̀ lọ sí oko?" Bùkọ́lá rẹ́rìn-ín. "Yà síbẹ̀ lọ́sàn-án. Ọpẹ́ kì í ṣá."

Moṣọpẹ́ wo ọ̀nà Òkè-Oyí, ó wo ọ̀nà Táíwò. Ó ní òun á yà sí Òkè-Oyí lọ́sàn-án.

Ayafọ́tò kò tètè dé. Ebi ń pa gbogbo wọn. Bùkọ́lá ló kọ́kọ́ ṣí agbọ̀n, ó ní, "Kí ló ń ta sánsán báyìí?" Moṣọpẹ́ ní, "Ẹ fi í sílẹ̀ o," ṣùgbọ́n ẹ̀rín wà lẹ́nu rẹ̀ nígbà tó sọ ọ́, ẹnikẹ́ni kò sì gbà á gbọ́. Nígbà tí wọ́n ya fọ́tò tán, ewé lásán ló kù nínú agbọ̀n, Moṣọpẹ́ náà sì jẹ nínú rẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́, ó dé ilé ìwòsàn.

"Ṣé o jíṣẹ́?" ni ìyá rẹ̀ kọ́kọ́ bi í.

"Mo jẹ́ ẹ, mà."

"Kí ni wọ́n wí?"

"Wọ́n... wọ́n ní inú àwọn dùn. Wọ́n ní ká máa tọ́jú Nathan."

"Olúwa ṣeun," ni Ẹ̀bùnọlá wí, ó sì mí kanlẹ̀ bí ẹni tó sọ ẹrù kalẹ̀.

Ní ọjọ́ Ìsinmi, ilé ìwòsàn yọ̀ǹda Nathan, ìyá rẹ̀ sì gbé e gba ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi lọ tààrà láti dúpẹ́. Wọ́n pè é síwájú kó jẹ́rìí. Moṣọpẹ́ jókòó láàárín àwọn akọrin nínú aṣọ tuntun rẹ̀, ó gbọ́ gbogbo ohun tí ìyá rẹ̀ sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kò sí ọ̀kan tó bọ́ sílẹ̀ nínú rẹ̀. Àwọn èèyàn ṣe àmín. Aṣọ tuntun náà ń yún un lọ́rùn.

Ọjọ́ kejì ni ọ̀rọ̀ ìdí ẹ̀rọ omi yẹn. Nígbà tí Moṣọpẹ́ dé ilé ìwé, Mùínàt ti kó ìwé rẹ̀ lọ sí àga mìíràn.

"Mùínàt, kí ló dé?"

"Kò dé nǹkan kan. Wọ́n ní ìyá ẹ sọ ní ṣọ́ọ̀ṣì pé kò sí ènìyàn kankan tó ran òun lọ́wọ́. Pé Ọlọ́run òun nìkan ni. Ó dáa bẹ́ẹ̀."

"Irọ́ ni! Mo wà níbẹ̀. Màámi ò sọ bẹ́ẹ̀!"

"Ó dáa, kò sọ ọ́." Mùínàt kọjú sí i wàyí. "Ta ló wá dúpẹ́ lọ́wọ́ bàbá mi?"

Moṣọpẹ́ ṣí àpò ìwé rẹ̀, ó tún pa á dé.

"Wàlláhì, ìyá àgbà ní kí wọ́n gbá gbogbo iwájú ilé, pé àlejò ń bọ̀ láti Ṣàngó. Àwọn àbúrò mi jókòó sójú ọ̀nà títí. Adìẹ lásán ò yà síbẹ̀." Ó gbé ojú kúrò lára rẹ̀. "Torí náà, ohun tí wọ́n bá sọ nípa ìyá ẹ, èmi gbà á gbọ́."

Ìdí ọ̀rọ̀ gan-an nìyẹn, Moṣọpẹ́ sì mọ̀ ọ́n. Kò lè fọ ìyá rẹ̀ mọ́ láìṣe pé ó tú àṣírí ara rẹ̀. Bí ó bá ní ìyá òun rán ọpẹ́, wọ́n á bi í pé ta ni wọ́n rán.

Ara rẹ̀ kò balẹ̀ mọ́ láti ọjọ́ náà. Ìdánwò ti sún mọ́lé, ṣùgbọ́n ojú ìwé kan náà ni yóò máa wò títí. Ó fi iyọ̀ sí ògì Nathan dípò ṣúgà. Bí alùpùpù bá dún lójú títì, yóò fò dìde. Ó fẹ́ sọ ọ́ nígbà tí wọ́n ń ṣa ẹ̀fọ́, ó tún gbé e mì. Bùkọ́lá wá sọ fún un pé fọ́tò ti jáde, pé ó rẹwà níbẹ̀. Kò lọ wò ó.

Lọ́jọ́ kan, Àbdùlkàdírì ń ti alùpùpù rẹ̀ kọjá lẹ́nu ọ̀nà wọn. Ẹ̀bùnọlá, tó ń gbálẹ̀, fi tayọ̀tayọ̀ kúnlẹ̀ kí i.

"Ẹ káàárọ̀ o, Bàbá Mùínàt! Ẹ kú iṣẹ́! Ọmọ yín ti ń sáré kiri o! Mo ṣì ń bọ̀ wá kí yín nílé, bí bàbá wọn bá ti dé!"

"Hẹn," ni ọkùnrin náà wí. Kò dúró.

Ẹ̀bùnọlá dúró pẹ̀lú ọwọ̀ lọ́wọ́. "Moṣọpẹ́, ṣé mo ṣẹ̀ wọ́n ni? Àbí mọ́ínmọ́ín yẹn ò dára?"

"Ó dára, mà," ni Moṣọpẹ́ wí. Òótọ́ nìyẹn, òótọ́ náà sì jó o lẹ́nu.

Ní ilé wọn, wọn kì í ṣí ìkòkò ògì láàárọ̀ kí wọ́n tó gbàdúrà, olúkúlùkù yóò sì dárúkọ ohun kan tó fẹ́ dúpẹ́ fún. Ní àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, Nathan dúpẹ́ pé bàbá àwọn á dé láìpẹ́. Ìyá wọn di ojú.

"Olúwa, n kò mọ ohun tó bí Bàbá Mùínàt nínú. Ṣùgbọ́n mo dúpẹ́ pé lọ́jọ́ tí ẹsẹ̀ mi ò lè gbé mi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, O fún mi ní ọmọ tí mo lè rán níṣẹ́."

Ó kan Moṣọpẹ́. Ó bú sẹ́kún.

"Màámi, n kò lọ. N kò dé Òkè-Oyí rárá. Táíwò Road ni mo lọ. A jẹ mọ́ínmọ́ín náà."

Ẹ̀bùnọlá wò ó títí. Kò gbá a létí, Moṣọpẹ́ ì bá sì fẹ́ kó gbá a.

"Ṣé mọ́ínmọ́ín lo rò pé mo rán ọ ni?" ni ìyá rẹ̀ bi í wẹ́rẹ́. "Ọkàn mi ni mo rán ọ. O wá gbé e jẹ lójú títì. Wọ́n á ti máa pè mí ní aláìmoore, mo sì ń kí ọkùnrin yẹn bí ẹni tí kò ṣe nǹkan kan." Ó nu ojú rẹ̀. "Dìde. Wọ bàtà ẹ. Òkè-Oyí lò ń lọ nísinsìnyí."

"Ṣé kí n se òmíràn?"

"Lọ lọ́wọ́ òfo. Ẹnu ni kí o gbé lọ. Èmi náà á wá, ṣùgbọ́n ìwọ lo máa kọ́kọ́ débẹ̀. Bí mo bá tẹ̀ lé ọ, wọ́n á ní èmi ni mo kọ́ ọ ní ohun tí o sọ."

Ó rìn títí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi bó kí ọkọ̀ agbégi kan tó gbé e. Nígbà tó dé agboolé náà, Àbdùlkàdírì ń ṣa ata sínú apẹ̀rẹ̀, Àṣàbí, ìyá rẹ̀ tí Mùínàt ń pè ní ìyá àgbà, jókòó lórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mùínàt, tó wá kí wọn fún òpin ọ̀sẹ̀, dúró lẹ́nu ìlẹ̀kùn, kò sọ̀rọ̀. Moṣọpẹ́ kúnlẹ̀ lórí iyanrìn.

"Ẹ káàsán, mà. Ẹ káàsán, sà."

"Ta nìyí?" ni Àṣàbí bi í.

"Moṣọpẹ́ ni, mà. Ẹ̀gbọ́n Nathan."

"Áà! Àwọn tí Ọlọ́run ń gbé lọ sí ilé ìwòsàn láìsí alùpùpù!" Màmá àgbà pàtẹ́wọ́. "Ṣé ẹsẹ̀ lo fi rìn wá ni, àbí áńgẹ́lì ló gbé ọ?"

"Ẹ fi í sílẹ̀, ìyá mi," ni Àbdùlkàdírì wí. Ó gbé ata sílẹ̀. "Ọmọ mi, pé ìyá ẹ ní Ọlọ́run ló ṣe é, ìyẹn ò bí mi nínú. Èmi náà wí Àlùhámdùlíláì nígbà tí ọmọ yẹn la ojú. Mi ò béèrè tòmátò mi lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n mo jókòó níbí yìí ní ọjọ́ kejì, mo ń wo ọ̀nà. Mo fẹ́ kí ẹnì kan wá sọ fún mi pé ọmọ náà sùn dáadáa. Ìyẹn náà ni."

Moṣọpẹ́ dojú bolẹ̀. Ó sọ fún wọn bí wọ́n ṣe rán an, bí ó ṣe yà, ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mọ́ínmọ́ín, àti irọ́ tó pa fún ìyá rẹ̀ lẹ́yìn náà. Kò fi Bùkọ́lá ṣe àwáwí. "Èmi ni mo jẹ̀bi, sà. Màámi ò mọ̀ títí di àárọ̀ yìí. Ẹ má bínú sí wọn."

Lẹ́yìn náà ni ikùn Àṣàbí bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Ẹ̀rín ni.

"Ìwọ ọmọ yìí, o gbé ọpẹ́ wa jẹ tán! Ó dùn?"

"Kò dùn mọ́, mà," ni Moṣọpẹ́ wí, omi ń dà lójú rẹ̀.

Ó yé e níbi tó kúnlẹ̀ sí. Dídúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run kò ní kí a má dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí Ọlọ́run rán sí wa. Àti pé gbogbo irọ́ tí wọ́n pa mọ́ ìyá rẹ̀, iṣẹ́ tí òun kò jẹ́ ni wọ́n kọ́ ọ lé lórí.

Mùínàt ti rìn dé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó na ọwọ́, ó fà á dìde díẹ̀díẹ̀.

"O ní o wà ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ náà," ni ó wí. "Kí ni ìyá ẹ sọ gan-an?"

"Má bù ú kù o," ni Àṣàbí wí. "Má sì fi tìrẹ kún un."

Moṣọpẹ́ nu ojú rẹ̀. Ó dúró bí ìyá rẹ̀ ṣe dúró lọ́jọ́ náà, ó sì wí pé:

"Màámi ní, 'Mo ké pe Jésù lójú títì, Ó sì dá mi lóhùn. Ènìyàn ló fi dá mi lóhùn. Orúkọ rẹ̀ ni Àbdùlkàdírì, ará Òkè-Oyí. Ó gbé oúnjẹ àwọn ọmọ tirẹ̀ sílẹ̀ nínú oòrùn, ó gbé ọmọ tèmi. Bí mo bá dúpẹ́ níbí tí n kò dárúkọ rẹ̀, irọ́ ni mò ń pa níwájú Ọlọ́run. Ẹ bá mi ṣe àmín sí orí òun àti ilé rẹ̀.'"