Ẹ̀kúnwọ́ Ẹran Akàn tí Ó Lọ́wọ́ọ́wọ́

Òótọ́ pọ́ńbélé ni ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Àwọn tí wọ́n jókòó sídìí tábìlì náà kò tíì kú tán.

Ẹran akàn tó wà lókè agolo tí Arletta ń yọ ọ́ sí lọ́wọ́ọ́wọ́. Kò yẹ kí ó rí bẹ́ẹ̀. Àná ni wọ́n ti se àwọn akàn náà. Inú yìnyín ni wọ́n sùn mọ́jú. Gbogbo ẹran tó wà nínú ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń yọ ẹran akàn náà, létí omi Chesapeake ní Amẹ́ríkà, ló tutù bí irin.

Opó ni Arletta, ọwọ́ rẹ̀ kò sì yá. Ọ̀gá ti kìlọ̀ pé bí agolo rẹ̀ kò bá tẹ̀wọ̀n lónìí, kí ó má padà wá mọ́. Iṣẹ́ mìíràn kò sì sí ní erékùṣù tí wọ́n ń gbé.

Àwọn obìnrin tí ń yọ ẹran akàn níbẹ̀ ní àṣà kan. Bí ọwọ́ ẹnì kan bá fà sẹ́yìn, ẹni tó jókòó tì í a bu ẹ̀kúnwọ́ tirẹ̀ sínú agolo onítọ̀hún nígbà tí ọ̀gá bá yíjú. Wọn kì í sọ ọ́. Ẹni tí a fún kì í dúpẹ́.

Bí wọ́n ti ń yọ ẹran ni wọ́n ń kọrin. Beulah ló wà lọ́wọ́ ọ̀tún Arletta. Àga ọwọ́ òsì ṣófo láti ìgbà tí wọ́n ti sin Verdie, tó máa ń jókòó níbẹ̀.

"Àǹtí Beulah, ẹ̀yin lẹ fún mi?"

"Èmi kẹ̀? Èmi tí agolo tèmi gan-an ń yán hànhàn! Kọrin, jàre, ọ̀gá ń bọ̀."

Arletta rò ó létòlétò. Ìkòkò ńlá tí wọ́n fi ń se akàn kọ́. Wọn kò tíì dáná. Oòrùn kọ́, òjò ló ṣú. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ó tutù bí ẹja.

"Ẹ jọ̀ọ́, gbogbo yín, ẹ na ọwọ́ sókè díẹ̀."

"O ti wá di ọlọ́pàá ni?" Beulah rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó na ọwọ́. Gbogbo wọn na ọwọ́. Orin dá.

Yìnyín ń kán tó, tó, lábẹ́ tábìlì.

Níwájú àga tó ṣófo, èèpo akàn là. Kẹ́.

Arletta kò gbójú kúrò lára agolo rẹ̀. Ẹran funfun ń ga sí i nínú rẹ̀, ègé ńláńlá tí kò fọ́, ó ń rú èéfín díẹ̀díẹ̀. Ó ga títí ó fi kan ẹnu.

Ọ̀gá dé, ó gbé agolo náà sórí òṣùwọ̀n. "Ó tẹ̀wọ̀n. Ó dọ̀la." Ó kọjá lọ.

Arletta yíjú sí Beulah. "Àǹtí, ta ni?"

Beulah ti mú ọ̀bẹ rẹ̀ padà.

"Verdie ni. Lórí àìsàn ló ti sọ fún mi pé òun ò ní í dẹwọ́ títí ọwọ́ tìẹ yóò fi yá. Má dúpẹ́."