Ibi Tí Èríálì Kọjú Sí

Èríálì ọkọ mi ló kọ́kọ́ dalẹ̀ mi. Ojú ọ̀run ló yẹ kó máa wò, àmọ́ lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, ó dorí kodò lórí òrùlé, fèrèsé ilé ìdáná tí mo ti ń fọ abọ́ ló ń wò.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé, kí ẹ má baà ní orí mi ti dàrú. Sátẹ́láìtì kékeré kan máa ń kọjá lókè, ọkọ mi àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ á sì máa tipasẹ̀ rẹ̀ bá ara wọn sọ̀rọ̀ lórí rédíò. Fàájì tiwọn nìyẹn, kò kàn mí. Ó wá kọ́ kọ̀ǹpútà rẹ̀ pé bí èríálì bá kọjú sí ibí, tó gbójú sókè tó báyìí, báyìí ni ohùn á ṣe já gaara tó. Kí sátẹ́láìtì tó yọ, kọ̀ǹpútà á ti sọ ibi tó yẹ kí èríálì kọjú sí.

Èmi aláìgbọ́n ni mo ń bá a di èríálì mú ní gbogbo ìgbà tó ń kọ́ ọ, tòun ti oyún nínú. Ìdí èríálì náà ni mo máa ń fi ti ikùn. Nígbà tí ikùn wúwo, mo ní n ò gòkè mọ́, ó bá ra ẹ̀rọ tó ń yí i.

"Kọ̀ǹpútà ní ọ̀dọ̀ ẹ ni ohùn ti máa dáa jù," ni ọkọ mi wí lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ó ti mọ̀ ẹ́."

"Kó gbàgbé mi kíá."

Mo bọ́ sí pálọ̀. Ẹ̀rọ ké lókè, èríálì tẹ̀ lé mi. Ọmọ inú mi, tó ti ń tàpá láti àárọ̀, dákẹ́ lọ́lọ́.

"Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa á!" mo ké sí ọkọ mi.

"Ṣe sùúrù ná. Gbọ́ ohùn yìí."

Sátẹ́láìtì ti wọ̀ tipẹ́. Síbẹ̀, ẹnì kan ń sọ̀rọ̀ nínú rédíò, ketekete, bíi pé ó jókòó tì wá. "Ẹ má yí i kúrò," ló wí. "Mo ti fẹ́ débẹ̀."

Ẹ̀rù ò ba ọkọ mi o, inú rẹ̀ ń dùn! "N ò gbọ́ irú ohùn yìí rí!" Ẹni tó ń wá ìfà, òfò ló ń wá. Inú bí mi. Mo gbé ọ̀bẹ, mo gé wáyà èríálì.

"O ti bà á jẹ́!"

"Ọmọ mi lo fẹ́ bà jẹ́, ìwọ aláìnírònú yìí!" N ò sọ̀rọ̀ sí i bẹ́ẹ̀ rí.

Mo gba ilé ìwòsàn lọ, ó ń bẹ̀ mí lẹ́yìn. Nọ́ọ̀sì gbé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbọ́ ọkàn ọmọ lé mi níkùn. Ọkàn ọmọ ń lù kì-kì-kì. Mo bú sẹ́kún ayọ̀.

Nọ́ọ̀sì ò rẹ́rìn-ín. Ó sún ẹ̀rọ sí ẹ̀gbẹ́ kejì, ó tún tẹ́tí.

"Ìbejì ni, àbí?" ló rọra béèrè.

"Ọ̀kan ni! Ẹ̀yin náà lẹ fi ẹ̀rọ ya àwòrán inú mi lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ọ̀kan ṣoṣo lẹ rí."

"Mọ́mì, méjì ló wà níbẹ̀ báyìí."

Mo gbọ́ ọ fúnra mi. Ọkàn àkọ́kọ́ ń sáré bíi ti ọmọ tẹ́rù ń bà. Èkejì ò kánjú rárá.